Iṣẹ́ Tí Èlíjà Kò Parí

Bí wọ́n bá ń fi olórí tuntun jẹ nínú ìjọ kan nílẹ̀ wa, ó ṣòro kí ètò ọjọ́ náà parí láìjẹ́ pé ẹnìkan mẹ́nu ba agbádá Èlíjà. Oníwàásù á ṣí ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 2, á ka bí kẹ̀kẹ́ iná ṣe ya ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nípá, á sì gbàdúrà pé kí ìlọ́po méjì ẹ̀mí tó wà lára ẹni tó lọ bà lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àmín á sì gba gbogbo inú ilé. N kò bá àdúrà náà jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà níbi tó ti kù díẹ̀ kí Èlíjà lọ, a sì máa ń pa ìwé dé ní kété tí agbádá bá ti bọ́ sílẹ̀, débi pé ohun tí Èlíṣà jogún gan-an fara sin fún wa. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò parí ni ogún tó kọ́kọ́ kàn án, nítorí iṣẹ́ náà ni agbára sì ṣe tẹ̀lé e.

Orí òkè Hórébù ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà ti borí àwọn wòlíì Báálì ní òkè Kámẹ́lì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Jésébẹ́lì, aya Áhábù ọba Ísírẹ́lì, rán sí i pé òun yóò pa á lé e títí dé Bíá-Ṣébà. Ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó rin ìrìn ọjọ́ kan wọ inú aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì fún un ní àkàrà tí a yan lórí ẹ̀yinná àti omi, ó fi agbára oúnjẹ náà rin ogójì ọ̀sán àti ogójì òru dé Hórébù, níbi tí ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná ti kọjá níwájú rẹ̀ kí ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó dé. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn púpọ̀. Àwọn tó ń dúró gbọ́ ohun tí wọ́n rán Èlíjà lẹ́yìn rẹ̀ kò tó nǹkan. Iṣẹ́ mẹ́ta ni: kí ó lọ fi òróró yan Hásáẹ́lì ní ọba Síríà, kí ó yan Jéhù ọmọ Nímṣì ní ọba Ísírẹ́lì, kí ó sì yan Èlíṣà ọmọ Ṣáfátì ará Abẹli-Méhólà ní wòlíì dípò ara rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Èlíjà ti sọ lórí òkè náà pé òun nìkan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bá a jiyàn. Ó dárúkọ àwọn ẹni mẹ́ta tó yẹ kí ó lọ yàn, lẹ́yìn náà ló tó sọ pé 7,000 ènìyàn wà ní Ísírẹ́lì tí eékún wọn kò tíì kúnlẹ̀ fún Báálì. Àwọn alálàyé kan ka èyí sí pé Ọlọ́run ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wòlíì tó ti sú, kí ọ̀dọ́ lè bọ́ sípò rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀yìn Hórébù ni Èlíjà dojú kọ Áhábù nínú ọgbà àjàrà Nábótì, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló sì sọ fún Ahasáyà ọba pé kò ní dìde lórí àìsàn rẹ̀. Wọn kì í rán ẹni tí wọ́n ti yọ níṣẹ́ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe yé mi sí, yíyan àrólé jẹ́ apá kan nínú èsì tí Ọlọ́run fún ẹni tó ń sunkún pé òun dá nìkan wà: iṣẹ́ náà ju ọjọ́ ayé ènìyàn kan lọ, àwọn tí yóò sì ṣe ìyókù ti wà nílẹ̀.

Nínú iṣẹ́ mẹ́ta yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni Èlíjà fúnra rẹ̀ ṣe, ìyẹn ti Èlíṣà, èyí tí Ọlọ́run dárúkọ kẹ́yìn. Bó ṣe ṣe é pàápàá kò bá bí wọ́n ṣe rán an mu délẹ̀délẹ̀, torí a kò kà á níbi kankan pé ó da òróró sí i lórí. Ó bá ọmọkùnrin náà lóko, níbi tí àjàgà màlúù 12 ti ń túlẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì wà nídìí ìkejìlá (ilé tó bá ní màlúù 24 lẹ́nu ìtúlẹ̀ kì í ṣe ilé tálákà), ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó da agbádá bò ó, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Èlíṣà ló sáré tẹ̀lé e. Nígbà tó bẹ̀bẹ̀ pé kí òun lọ fi ẹnu ko bàbá àti ìyá òun lẹ́nu, èsì Èlíjà ni pé kí ó padà, pé kí ni òun fi ṣe é? Ọ̀rọ̀ náà korò létí, àmọ́ mo rò pé ọ̀gá náà ń sọ bó ṣe rí gan-an ni: ẹni tó ju agbádá sí i kọ́ ló pè é. Èlíṣà padà, ó pa màlúù méjì, ó fi igi ohun èlò ìtúlẹ̀ wọn se ẹran náà, ó fún àwọn ènìyàn jẹ, ó sì dìde tẹ̀lé Èlíjà. Ẹni tó bá ti fi igi àjàgà dáná kò ní ohun tí yóò bá padà sóko mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tí Èlíjà lọ, ìwé mímọ́ kò dárúkọ Èlíṣà mọ́. Áhábù kú sójú ogun, Ahasáyà jọba, òun náà kú, a kò gbọ́ ohùn Èlíṣà nínú ọ̀kankan. Gbólóhùn kan péré ló sọ ohun tó ń ṣe ní gbogbo àkókò náà fún wa, ìránṣẹ́ ọba kan ló sì sọ ọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá. Ọba Ísírẹ́lì, Jèhóṣáfátì ọba Júdà àti ọba Édómù jọ ń lọ gbógun ti Móábù. Lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ méje, omi tán pátápátá fún ènìyàn àti ẹran. Jèhóṣáfátì béèrè bóyá wòlíì Olúwa kan wà nítòsí. Ìránṣẹ́ náà dáhùn pé Èlíṣà ọmọ Ṣáfátì wà níbí, ẹni tó máa ń bu omi sí Èlíjà lọ́wọ́. Odò Jọ́dánì ti pín níwájú Èlíṣà ní àkókò yìí, ó ti wo omi Jẹ́ríkò sàn pẹ̀lú iyọ̀ tó wà nínú àwokòtò tuntun, síbẹ̀ igbá omi tó máa ń gbé dání fún ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fi júwe rẹ̀ fún ọba mẹ́ta. Yorùbá tó ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, àfi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni Èlíṣà ń wẹ̀ ní tirẹ̀. Jèhóṣáfátì kò sì béèrè ẹ̀rí mìíràn. Ó ní ọ̀rọ̀ Olúwa wà lọ́dọ̀ ọkùnrin náà.

Ọjọ́ ìkẹyìn wọn jọ gùn nínú ìwé. Láti Gílígálì ni wọ́n ti gbéra lọ sí Bẹ́tẹ́lì, láti Bẹ́tẹ́lì sí Jẹ́ríkò, láti Jẹ́ríkò sí etí Jọ́dánì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èlíjà ní kí Èlíṣà dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyẹn búra pé òun kò ní fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwàásù ní ìdánwò ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń rí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó fẹ́ dá lọ, tí kò fẹ́ ẹlẹ́rìí, bó ṣe fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíá-Ṣébà nígbà kan rí kó tó wọ inú aginjù láti lọ tọrọ ikú. Bí mo bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ìránṣẹ́ ti ìsinsìnyí kọ̀ láti dúró bíi ti àkọ́kọ́. Ní Bẹ́tẹ́lì àti ní Jẹ́ríkò, àwọn ọmọ wòlíì (ẹgbẹ́ àwọn wòlíì tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ bíbí) wá ń bi í léèrè pé ṣé ó mọ̀ pé òní ni Olúwa yóò mú ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó ní òun mọ̀, kí wọ́n dákẹ́. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìròyìn náà ṣáájú. Ẹnì kan ló ń bá a rìn, 50 nínú wọn sì dúró lókèèrè ń wò.

Nígbà tí wọ́n ti rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ kọjá odò ni Èlíjà tó béèrè ohun tí òun lè ṣe fún un, Èlíṣà sì tọrọ ìlọ́po méjì. Ibí yìí ni mo rò pé àṣà ogún tiwa ti ń ṣì wá lọ́nà. Nílẹ̀ Yorùbá, ìdí igi tàbí orí-ò-jorí ni wọ́n fi ń pín ogún: bó bá jẹ́ ìdí igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ á gba ìpín tó dọ́gba, bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba iye kan náà. Dáwódù á di olórí ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú ilé bàbá á wà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò sọ ìpín tirẹ̀ di méjì. Nítorí náà, tí a bá gbọ́ ìlọ́po méjì, ìṣirò agbára ni a máa ń ṣe, pé ẹyọ kan ni Èlíjà ní, Èlíṣà sì fẹ́ méjì. Òfin Mósè nínú Diutarónómì 21 ló yẹ ká lọ wò, ọ̀rọ̀ ilé olórogún sì ni. Bí ọkùnrin kan bá ní ìyàwó méjì, tó fẹ́ràn ọ̀kan, tí kò fẹ́ràn èkejì, tó bá sì jẹ́ pé ẹni tí kò fẹ́ràn ló bí àkọ́bí, kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ààyò sípò àkọ́bí. Ìpín méjì nínú gbogbo ohun ìní rẹ̀ ni kó fún àkọ́bí náà. Bí ọmọ bá jẹ́ méjì, wọn á pín ohun ìní sọ́nà mẹ́ta, àkọ́bí á kó méjì. Ohun tí Èlíṣà ń tọrọ ni pé kí wọ́n ka òun sí àkọ́bí láàárín àwọn ọmọ wòlíì tó pọ̀ káàkiri, kí ẹrù ilé wá sí èjìká òun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé “Bàbá mi, bàbá mi” ni ó kígbe nígbà tí Èlíjà ń lọ. Àwọn tó ń ka iṣẹ́ ìyanu àwọn méjèèjì láti fi hàn pé ti Èlíṣà jẹ́ ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́ kì í fẹnu kò sójú kan. Àwọn kan á ka 8 àti 16, àwọn mìíràn á ka 7 àti 14, ó dá lórí ohun tí oníkálukú bá pè ní ìyanu.

Èlíjà dáhùn pé ohun tó ṣòro ló béèrè. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣètò ìwàásù ìfinijoyè, gbólóhùn yẹn ni ǹ bá fi ṣe òpó rẹ̀. Ẹni tí iná ti ọ̀run bọ̀ nígbà tó gbàdúrà, ẹni tó sọ pé òjò kò ní rọ̀ tí òjò kò sì rọ̀, ló ń jẹ́wọ́ pé fífi ìpè fún ènìyàn kò sí níkàáwọ́ òun. Àmì ló fi lélẹ̀: bí o bá rí mi nígbà tí a bá ń mú mi lọ, yóò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ, bí o kò bá rí mi, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Kò gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì bọ́ agbádá lé e lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ iná yà wọ́n nípá, ìjì ló sì gbé Èlíjà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwòrán tí a mọ̀ gbé e sí. Agbádá bọ́ sílẹ̀ ni, Èlíṣà ló sì bẹ̀rẹ̀ gbé e.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti di aṣọ ara rẹ̀ mú, ó sì fà á ya sí méjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, n kò sì rántí ìwàásù kan tó dúró síbẹ̀ pẹ́, nítorí pé ayọ̀ ìjoyè ni a sábà máa ń fi orí yìí ṣe. Ó fi agbádá lu omi, ó béèrè pé níbo ni Olúwa Ọlọ́run Èlíjà wà. Kò béèrè ibi tí Èlíjà wà. Àwọn ọmọ wòlíì ló ṣe ìyẹn: wọ́n wólẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí Èlíjà ti bà lé e, wọn kò sì tíì dìde tán tí wọ́n fi ní àwọn ní alágbára 50 tó lè lọ wá ọ̀gá rẹ̀ lórí òkè tàbí nínú àfonífojì. Ó ní kí wọ́n má lọ. Wọ́n rọ̀ ọ́ títí ojú fi tì í, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbapò olórí tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn mọ ọjọ́ mẹ́ta yẹn dáadáa, ó sì lè di ọdún mẹ́ta.

Iṣẹ́ méjì tó kù láti Hórébù ńkọ́? Èlíṣà ló jẹ́ wọn, ìkíní nínú wọn sì wà lára ibi tó dun ni jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀. Nínú Àwọn Ọba Kejì orí 8, ó dé Damásíkù, Bẹni-Hádádì ọba Síríà wà lórí àìsàn, ó sì rán Hásáẹ́lì sí i pẹ̀lú ẹrù ogójì ràkúnmí láti béèrè bóyá òun yóò yè. Èlíṣà tẹjú mọ́ Hásáẹ́lì títí ojú fi tì í, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún. Hásáẹ́lì béèrè ìdí. Ó ní òun mọ ibi tí yóò ṣe sí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, pé yóò ti iná bọ ilé olódi wọn, yóò fi idà pa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọn, kò ní dá àwọn ọmọ ọwọ́ àti aboyún sí. Hásáẹ́lì ní kí ni òun jẹ́, ajá lásán, tí òun yóò fi ṣe irú nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀? Èlíṣà sọ fún un pé òun ni yóò jọba Síríà. Lọ́jọ́ kejì, Hásáẹ́lì ti aṣọ tó nípọn bọ omi, ó fi bo ojú ọ̀gá rẹ̀ títí ó fi kú. Ọba yìí wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ará Àsíríà pẹ̀lú: Shalmaneser Kẹta, tó bá a jagun, pè é ní ọmọ ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ẹkún yẹn. Èlíjà ni wọ́n rán níṣẹ́ náà, ojú Èlíṣà ni omi ti jáde.

Ti Jéhù kò tilẹ̀ dé ọwọ́ Èlíṣà tààrà. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì, ó fún un ní ìgò òróró, ó ní kó lọ sí Rámótì-Gílíádì, kó mú Jéhù wọ ìyẹ̀wù, kó da òróró náà sí i lórí, kó sọ fún un pé Olúwa ti fi í jọba, kó ṣílẹ̀kùn kó sì sá lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé, ó bá àwọn balógun níjòkòó, ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ 3 nínú orí 9 wé ẹsẹ̀ 6 sí 10, ẹ ó rí i pé ohun tó sọ nínú ìyẹ̀wù gùn ju ohun tí wọ́n rán an lọ: ó ní kí Jéhù pa ilé Áhábù run, ó ní ajá yóò jẹ Jésébẹ́lì ní ilẹ̀ Jésírẹ́lì. Ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé gé iṣẹ́ tí Èlíṣà rán an kúrú. Bó ti wù kó rí, ọ̀rọ̀ tí Èlíjà sọ sójú Áhábù nínú ọgbà Nábótì ni ọmọ náà ń tún sọ. Ẹni tí ìwé kò dárúkọ, tí àwọn balógun pè ní wèrè nígbà tó jáde, ló jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán Èlíjà ní Hórébù. Kò wọ agbádá ẹnikẹ́ni.

Géhásì ni ẹni tí gbogbo wa ì bá fi ṣe àrólé Èlíṣà, nítorí ipò ìránṣẹ́ tí Èlíṣà wà lọ́dọ̀ Èlíjà lòun náà wà. Nígbà tí ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù kú, Èlíṣà fún un ní ọ̀pá rẹ̀ pé kó sáré lọ gbé e lé ojú ọmọ náà. Ó gbé e lé e. Kò sí ohùn, kò sì sí àmì ìyè. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá, tó ti ilẹ̀kùn, tó gbàdúrà, tó sì na ara lé ọmọ náà. Ẹni tó bá ń tà tàbí tó ń ra aṣọ àti òróró ẹni Ọlọ́run yẹ kó máa ka ìtàn ọ̀pá yìí nígbà gbogbo. Lẹ́yìn èyí ni Géhásì sá tẹ̀lé Náámánì, balógun Síríà tí Èlíṣà wo ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ sàn, láti gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì tí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ̀. Ìdájọ́ tó gbà jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún pẹ̀lú: ẹ̀tẹ̀ Náámánì yóò lẹ̀ mọ́ òun àti irú-ọmọ rẹ̀ títí láé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìran sì ni ó máa ń fa wàhálà jù. Nínú Númérì 20, lórí òkè Hórì, Mósè bọ́ aṣọ Áárónì, ó fi wọ Élíásárì ọmọ rẹ̀, Áárónì sì kú síbẹ̀. Oyè àlùfáà nìyẹn, ó ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ti ọmọ. Mósè fúnra rẹ̀ ní ọmọkùnrin méjì, Géṣómù àti Élíésérì, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tirẹ̀ tó, nínú orí 27 ìwé kan náà, kò dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn; ó bẹ Ọlọ́run pé kó yan ẹnìkan kí àwọn ènìyàn má bàa dà bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. Ọlọ́run dárúkọ Jóṣúà kí Mósè tó gbé ọwọ́ lé e, ó sì ní kó fi lára ọlá rẹ̀ sí i. Lára rẹ̀ ni, kò sọ pé gbogbo rẹ̀, nítorí pé Jóṣúà yóò ní láti máa dúró níwájú Élíásárì kí ìyẹn tó bá a béèrè lọ́wọ́ Olúwa, ohun tí Mósè kò nílò. Sámúẹ́lì ní tirẹ̀ fi àwọn ọmọ rẹ̀, Jóẹ́lì àti Ábíjà, ṣe onídàájọ́ ní Bíá-Ṣébà, wọ́n gba rìbá, àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì sì wá béèrè ọba lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn. Àwọn ará wa Mùsùlùmí náà ní ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ èyí: wọ́n ka àdúrà Ànábì Sakariyáù nínú Súrátù Mariyam, bó ṣe tọrọ àrólé tí yóò jogún òun àti ilé Yaakúbù, ọ̀pọ̀ áfáà sì ń fi hádíísì tó ní àwọn ànábì kò fi dínárì tàbí dírámù sílẹ̀ bí ogún, ìmọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, ṣàlàyé pé kì í ṣe dúkìá ni ó ń tọrọ àrólé fún.

Àwọn ìjọ tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde ti rìn lójú ọ̀nà yìí lóríṣiríṣi. Nígbà tí Josiah Akindayomi tó dá Ìjọ Ridíìmù sílẹ̀ kú ní 1980, Enoch Adeboye, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì, ló di olórí ní 1981. Ní ti Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ìjà lórí ẹni tó yẹ kó jókòó sípò rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1985 dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. N kò sí nípò láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ ti gbọ́. Mo kàn ń wò ó pé ẹni tó tọ́ sí àga àti àṣẹ ni ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń dá lé, nínú ìjọ yòówù kó jẹ́. N kò tíì gbọ́ pé àwọn méjì wọ́ ara wọn lọ sí kóòtù nítorí iṣẹ́ tí olóògbé fi sílẹ̀ láìparí.

Ta wá ni Èlíṣà fi agbádá náà lé lọ́wọ́? Ìwé kò sọ pé ó fi lé ẹnikẹ́ni. Nínú orí 13, ó wà lórí àìsàn tí yóò pa á, Jóáṣì ọba Ísírẹ́lì sì wá sunkún lé e lójú pé, “Bàbá mi, bàbá mi,” ọ̀rọ̀ gan-an tí òun fúnra rẹ̀ kígbe nígbà tí Èlíjà ń lọ, àmọ́ ọba ló ń sọ ọ́ báyìí, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni ogun. Èlíṣà ní kó mú ọrun, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó ta ọfà sí ìlà-oòrùn, kó sì fi àwọn ọfà tó kù na ilẹ̀. Ọba nà án lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, inú bí wòlíì tó ń kú lọ pé kí ló dé tí kò nà án tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ilé Hásáẹ́lì ni wọ́n fẹ́ fi ọfà náà ṣẹ́gun, Jóáṣì tó mú ọrun dání sì jẹ́ ọmọ ọmọ Jéhù. Iṣẹ́ méjèèjì tí wọ́n rán Èlíjà ní Hórébù ṣì wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú rẹ̀.

Kò sì tán síbẹ̀. Nígbà ayé Jéróbóámù ọmọ Jóáṣì, Hóséà dìde, ẹni tí ìwé kò so mọ́ Èlíṣà tàbí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ wòlíì rẹ̀, Ọlọ́run sì ní kó sọ ọmọ rẹ̀ ní Jésírẹ́lì, nítorí pé láìpẹ́ òun yóò gbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ Jésírẹ́lì lára ilé Jéhù. Ẹ̀jẹ̀ tí Jéhù ta sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó ń pa ilé Áhábù run, nítorí òróró inú ìgò yẹn, ni. Nínú Àwọn Ọba Kejì orí 10, Olúwa yin Jéhù pé ó ṣe ohun tó tọ́ sí ilé Áhábù, ó sì ṣèlérí ìtẹ́ fún ìran mẹ́rin nínú ọmọ rẹ̀. Nínú Hóséà orí 1, ilé kan náà ni yóò dáhùn fún ẹ̀jẹ̀ yẹn. Wòlíì kan gba iṣẹ́ náà, èkejì rán ọmọdé lọ ṣe é, ẹ̀kẹta wá yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Inú Bíbélì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì wà, kò sì gbìyànjú láti bá wọn làjà. Èmi náà kò ní bá a ṣe é.